Iṣẹ́ Àgbàṣe: Láti Oko Àwọn Baba Wa Títí Dé Òpópónà Allen

Ìwé ọdọọdún tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan. Ẹgbẹ́ wa kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò sì ní in rí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó kó ìròyìn jọ. Ẹlòmíràn ni ó bá wa fi kọ̀ǹpútà tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ya àwòrán àwọn olóyè. Àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Láàárín àwọn atẹ̀wé náà pàápàá, ẹni tí ó fi ẹ̀rọ tẹ ìwé kọ́ ni ó gé etí rẹ̀, ẹni tí ó gé etí rẹ̀ kọ́ ni ó dì í pọ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ ni ẹ ó bá wí. Ẹ kò ní wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣómólú láti lọ bá ẹni tí ó gé etí ìwé jà.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí nìyẹn. Nínú ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa tí ó wà ní Ìkẹjà, ọ̀ràn arákùnrin wa kan dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀. Aránṣọ ni arákùnrin náà, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò òpópónà Allen. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa nítorí gbèsè owó orí ọdún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti kó owó náà fún ẹni tí ó ń bá a ṣe iṣẹ́ ìwé rẹ̀. Àwọn àgbà kan ní ìyà tí ó jẹ ẹ́ tọ́ sí i, nítorí pé ọ̀lẹ ni ẹni tí ó bá kó iṣẹ́ ara rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní ayé òde òní kò gbà kí ènìyàn máa fi ọwọ́ kan ṣe gbogbo nǹkan. Ìpàdé túká, ọ̀rọ̀ kò tán. Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ó tọ́ kí a bojú wo ẹ̀yìn, kí a mọ bí àwọn tí ó ṣáájú wa ṣe ń gbé iṣẹ́ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, àti bí àṣà náà ṣe wá di nǹkan ńlá ní Agége àti ní Ìkẹjà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ti ń jẹun.

ÀÁRÓ, Ọ̀WẸ̀ ÀTI ÀGBÀṢE

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni àwọn baba wa mọ̀ tí ènìyàn fi ń wá ọwọ́ kún ọwọ́. Èkínní ni àáró. Bí àgbẹ̀ mẹ́rin bá jẹ́ ẹgbẹ́, wọn a ro oko ẹni kìn-ín-ní lónìí, wọn a ro ti ẹnì kejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Kò sí owó nínú rẹ̀, iṣẹ́ ni a fi ń san gbèsè iṣẹ́. Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé, tàbí tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ fún àna rẹ̀, a bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wẹ̀, a sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Ẹ̀kẹta ni àgbàṣe. Níhìn-ín, a ó dá iye iṣẹ́, a ó dá iye owó, ẹni tí ó gbà á yóò sì ṣe é parí kí ó tó gba owó rẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni a ti rí agbàṣẹ́ṣe, orúkọ tí a ń pe kọntirátọ̀ títí di òní. Ẹ ò rí i pé nǹkan tí àwọn kan rò pé ẹnu àwọn òyìnbó ni a ti gbọ́ ọ, orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn baba ńlá wa.

Kì í ṣe iṣẹ́ oko nìkan ni èyí dé. Ẹ wo agbádá kan ṣoṣo bí ó ti ń jáde ní ayé àtijọ́. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń ran òwú. Aláró ni ó ń pa á láró. Ahunṣọ ni ó ń hun ún ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Aránṣọ ni ó ń gé e, tí ó ń rán an pọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ agbádá ọlọ́lá, ẹni tí ó rán an kì í sábà jẹ́ ẹni tí yóò ṣe ọnà sí ọrùn rẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà ni yóò gbé e lọ bá, a sì tún lè gbé e fún ẹni tí yóò lù ú kí ó lè dán. Alágbẹ̀dẹ pàápàá, bí ó ti lágbára tó, èédú ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ń fẹ́ná sí, ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó sì ti ń rí èkù ọkọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pe ọ̀bẹ ní ọ̀lẹ nítorí èyí.

Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí ohun kan. Ẹni tí ó ni agbádá kò mọ abẹ́rẹ́ ọnà í lò, síbẹ̀ ó mọ ọnà tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Àgbẹ̀ kò lè rọ ọkọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan ọkọ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ̀ bóyá alágbẹ̀dẹ rẹ́ òun jẹ. Ìmọ̀ ọwọ́ wà lọ́wọ́ oníṣẹ́, ìmọ̀ ojú wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá. Nígbà tí méjèèjì bá wà, àgbàṣe a máa lọ déédéé. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni a ó fi dá ẹjọ́ arákùnrin wa.

AGÉGE: KÒKÓ, OBÌ ÀTI BÚRẸ́DÌ

Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni Ìkẹjà àti Agége, oko àti abúlé ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wá sí òkè. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1901, ọkọ̀ ti ń wọ Ìbàdàn. Ọ̀nà náà gba Ìkẹjà àti Agége kọjá. Àwọn oníṣòwò Èkó tí òwò kò rọgbọ fún mọ́ rí ilẹ̀ Agége, wọ́n sì gbin kòkó sí i. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ hàn jù nínú wọn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí ó jẹ́ aṣáájú nínú ìjọ àwọn Adúláwọ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1907, àwọn olóko náà dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀.

Àwọn olóko wọ̀nyí kò dá oko wọn ro. Àwọn alágbàṣe láti ilẹ̀ òkè ni wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn alágbàṣe náà ń padà sílé, kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n mú lọ. Wọ́n mú ìmọ̀ kòkó lọ pẹ̀lú, wọ́n sì tan án ká àwọn ìlú tí wọ́n ti wá. Àǹfààní kan nìyí tí a kì í sábà rò nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àgbàṣe. Ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ tí ó sì ṣe é dáadáa, ilé ẹ̀kọ́ ni ó wọ̀ láìsan owó. Ọmọ iṣẹ́ lónìí lè di olóko lọ́la.

Lẹ́yìn kòkó ni obì. Obì Agége lókìkí títí dé ilẹ̀ Haúsá. Olóko ni ó ń ká a. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni a ti ń bó o tí a sì ń ṣà á. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tí ó mọ bí a ti ń fi ewé wé e sínú apẹ̀rẹ̀ kí ó má baà gbẹ lójú ọ̀nà. Ọ̀tọ̀ sì ni àwọn oníṣòwò Haúsá tí ó ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ sókè. Bí obì bá bàjẹ́ kí ó tó dé Kánò, gbogbo wọn ni ó pàdánù. Nítorí náà ni olúkúlùkù ṣe ń ṣọ́ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ àti ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

A kò sì lè dárúkọ Agége kí a má dárúkọ búrẹ́dì. Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, dé sí Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ní ọdún 1921, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, ó sì mú ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò wọlé, èyí tí ó mú kí búrẹ́dì wa ki, kí ó sì rọ̀ bí a ti mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà náà ti tàn dé àwọn ilé búrẹ́dì Agége tí orúkọ rẹ̀ kárí ayé lónìí. Ẹ lọ sí ilé búrẹ́dì Agége kan ní ìdájí. Olówó ibẹ̀ kì í ru búrẹ́dì kiri. Àwọn ìyá oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń gbà á ní owó ọjà, tí wọ́n ń gbé e lọ sí ìdí ọkọ̀ àti sí ojúlé. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, wẹ́dà àti rẹwáyà ni a ń pè. Ohun tí olówó ilé búrẹ́dì kò gbọ́dọ̀ gbé síta ni ìwọ̀n ìyẹ̀fun, ṣúgà àti ìwúkàrà, nítorí pé ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà.

ÌKẸJÀ DI ÌLÚ ILÉ IṢẸ́

Ní ọdún 1954, òfin tuntun yọ ìlú Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì sọ ọ́ di ti ìjọba àpapọ̀. Ìkẹjà àti Agége kò bá Èkó lọ. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n ṣì wà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ rí i pé ilẹ̀ tí ó sún mọ́ èbúté Àpápá tó bẹ́ẹ̀, tí ọkọ̀ ojú irin gbà kọjá, tí pápá ọkọ̀ òfuurufú sì wà níbẹ̀, kò yẹ kí ó máa hu koríko. Wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́, wọ́n la ọ̀nà sí i, wọ́n sì pe àwọn onílé iṣẹ́ wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà náà ń jẹ́ orúkọ Ọba Akran ti Àgbádárìgì, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún 1962, ilé iṣẹ́ apọntí Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà. Àwọn tí ó ń ṣe aṣọ àti àwọn tí ó ń ṣe táyà wá pẹ̀lú. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, gbogbo agbègbè yìí bọ́ sínú rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ìgbà náà fẹ́ràn láti máa ṣe ohun gbogbo fúnra wọn. Wọ́n ní mẹkáníìkì tiwọn, gbẹ́nàgbẹ́nà tiwọn, awakọ̀, alásè, ọlọ́dẹ àti nọ́ọ̀sì tiwọn. Ọmọ ìlú wa tí ó bá rí iṣẹ́ síbẹ̀ nígbà náà, ẹbí rẹ̀ a jó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 1980, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀. Ìwé àṣẹ láti kó ọjà wọlé di ohun àìrí. Nígbà tí ó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Ohun èlò tí ilé iṣẹ́ ń rà láti òkè òkun di ọ̀wọ́n gógó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ ọlọ́dẹ, iṣẹ́ ìmọ́tótó, iṣẹ́ oúnjẹ àti iṣẹ́ ọkọ̀ fún àwọn agbàṣẹ́ṣe. Àwọn mìíràn kò lè fara dà á títí. Ilé iṣẹ́ Dunlop dẹ́kun ṣíṣe táyà ní Ìkẹjà ní ọdún 2008.

Níhìn-ín ni kí a ti ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Ó wà tí a ń gbé iṣẹ́ síta nítorí pé ẹni tí a gbé e fún mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ó sì wà tí a ń gbé iṣẹ́ síta kí a baà lè bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe wa sí òṣìṣẹ́. Àwọn ọmọ wa wà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí ẹ̀rọ kan náà láti ọdún dé ọdún, síbẹ̀ tí wọ́n ń pè wọ́n ní òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì, tí wọn kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Òfin iṣẹ́ ọdún 1974 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù mẹ́ta. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sì sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá mẹ́jọ. Àwọn baba wa kì í pe ọmọ inú ilé ní alágbàṣe kí wọ́n tó lè fi oúnjẹ dù ú. Kí àwa náà tí a ní ṣọ́ọ̀bù má ṣe bẹ́ẹ̀.

ÒPÓPÓNÀ ALLEN ÀTI ÀDÚGBÒ RẸ̀

Ìgbà kan wà tí òpópónà Allen jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé. Ní ọdún 1976, Ìkẹjà di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn ọ́fíìsì ìjọba sì kóra jọ sí Aláúsá. Ibi tí ìjọba bá wà ni àwọn oníwèé máa ń lọ, ibi tí àwọn oníwèé bá wà ni báǹkì máa ń wá. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1980 sí 1990, báǹkì, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù aṣọ ti gba iwájú ilé, láti ráńdábáòtù Allen tí ó pàdé òpópónà Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ títí lọ sí ìhà Opebi.

Owó ilé gbówó lórí níbẹ̀. Ìdí pàtàkì nìyí tí oníṣòwò kékeré ibẹ̀ kò fi lè kó gbogbo oníṣẹ́ sí abẹ́ òrùlé kan. Ẹ wo aránṣọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wọn oníbàárà, ó ń gé aṣọ, ó sì ń rán an. Ọnà tí a fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe, àdúgbò mìíràn tí owó ilé kò ti wọ́n ni ó ti ń wá. Ihò bọ́tìnnì, ẹlòmíràn ni ó ní ẹ̀rọ rẹ̀. Òkúta dídán tí a ń lẹ̀ mọ́ léèsì, àwọn ọmọbìnrin kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ìyẹn lọ. Oníbàárà tí ó jókòó sínú afẹ́fẹ́ tútù kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Orúkọ tí ó wà lára aṣọ ni ó mọ̀.

Ẹ tún wo àwọn mẹkáníìkì. Ẹni tí ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín ni ọ̀gá iṣẹ́ náà lójú yín. Bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn iná, rẹwáyà ni yóò pè. Bí ara ọkọ̀ bá wọnú, pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà, ẹni tí ó ń kun ọkọ̀ ni. Òun ni yóò san owó olúkúlùkù, òun náà ni ẹ ó sì bá bí ọkọ̀ bá tún dúró sí ọ̀nà.

Kò jìnnà sí Allen ni òpópónà Otigba wà, tí ó pàdé òpópónà Ola-Ayeni àti Pepple. Ilé gbígbé ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á láàárín ọdún 1990 sí 2000. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ọjà náà gbòòrò gan-an, a sì ń pè é ní Computer Village. Ẹni tí ó bá mọ bí ibẹ̀ ti ń lọ yóò rí i pé ọjà yìí dà bí agbo ilé ahunṣọ àtijọ́. Ẹni tí ó ń ta fóònù kọ́ ni ó ń tún un ṣe. Ẹni tí ó ń pààrọ̀ ojú fóònù kò mọ iṣẹ́ inú pátákó wáyà. Ẹni tí ó ń wo awò tí ó ń fi iná jó wáyà tín-ín-rín kò mọ iṣẹ́ ẹni tí ó ń tún ètò inú fóònù kọ. Bí ẹ bá gbé fóònù fún ẹni tí ẹ mọ̀, ó lè gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta kọjá ní òpópónà kan ṣoṣo kí ó tó padà sọ́dọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ìwé àdéhùn kankan. Ohun tí ó ń dá wọn dúró ni pé ojú mọ ojú: ẹni tí ó bá ba fóònù ẹlòmíràn jẹ́ tí ó sì sẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo òpópónà ti gbọ́.

IṢẸ́ ÌWÉ ÀTI IṢẸ́ ÒFIN

Bí ó ti rí fún iṣẹ́ ọwọ́ ni ó rí fún iṣẹ́ ìwé, àfi pé èyí ṣòro jù. Ní ayé àwọn òbí wa, ẹni tí kò mọ̀wé a lọ bá akọ̀wé lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù tàbí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní ọdún 1952, Akíntọ́lá Williams dá ọ́fíìsì oníṣirò owó tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Láti ìgbà náà ni oníṣòwò Adúláwọ̀ ti lè gbé ìwé owó rẹ̀ lọ bá Adúláwọ̀ bíi tirẹ̀. Ní ọdún 1965, a fi òfin gbé ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó Nàìjíríà dìde, Williams sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ó kú ní ọdún 2023 lẹ́yìn ìgbà tí ó ti pé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé mẹ́rin.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ìwé ti ń pọ̀ sí i lọ́rùn oníṣòwò kékeré. Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 1990 béèrè pé kí a yan olùyẹ̀wé-owó-wò. Òfin owó orí ọjà tí a mọ̀ sí VAT jáde ní ọdún 1993, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní ọdún 1994. Owó orí òṣìṣẹ́ wà, owó ìfẹ̀yìntì wà. Lóòótọ́, òfin ilé iṣẹ́ tuntun ti ọdún 2020 fi àánú hàn: ilé iṣẹ́ kékeré tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò ju 120,000,000 náírà lọ, tí ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò sì ju 60,000,000 náírà lọ, lè ṣàì yan olùyẹ̀wé-owó-wò. Ṣùgbọ́n pé òfin kò fi ipá mú ni kò sọ pé kí ènìyàn má mọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde. Gbèsè kò mọ òfin tí ó dá ni sí.

Ìdí tí iṣẹ́ ìwé fi ṣòro ju ọnà agbádá lọ ni pé ojú lásán kò rí i. Ọnà tí kò dára, gbogbo ọjà ni yóò rí i. Rìsíìtì tí kò jẹ́ òtítọ́ lè wà nínú àpò fún ọdún mẹ́ta, kí ó dà bí ìwé ìjọba gidi.

ẸJỌ́ ARÁKÙNRIN WA

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí arákùnrin wa gan-an nìyẹn. Ẹnìkan wà tí ó ń bá a ṣe ìwé owó orí. Ọmọlúwàbí ni lójú, ó sì ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Arákùnrin wa a fún un lówó, òun a mú rìsíìtì padà wá. Arákùnrin wa kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ọ́fíìsì owó orí rí. Kò lọ sí báǹkì láti wádìí bóyá owó wọlé. Nígbà kan, ó tilẹ̀ fi ìwé ṣẹ́ẹ̀kì tí ó ti buwọ́ lù sílẹ̀ fún un nígbà tí ó ń lọ ìsìnkú nílé. Ní ọjọ́ tí wọ́n wá ti ilẹ̀kùn, ó kó rìsíìtì jáde pẹ̀lú ìgboyà. Òṣìṣẹ́ owó orí wò ó, ó ní, “Bàbá, ìwé yìí kò ti ọ̀dọ̀ wa jáde.” Aṣọ ìyàwó mẹ́rin ni ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ yẹn, ìgbéyàwó kan sì ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní ọ̀lẹ ni, a bẹ̀ yín, ẹ tún un rò. Ẹni tí ó ń gé aṣọ di aago mẹ́wàá alẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì sí bí ó ti fẹ́ fi ọwọ́ kan náà ṣírò owó orí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní kò ṣe àṣìṣe kankan, ẹ̀yin náà ẹ tún un rò. Gbígbé tí ó gbé iṣẹ́ náà síta kọ́ ni àṣìṣe rẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó gbé ojú rẹ̀ síta pẹ̀lú iṣẹ́. Aránṣọ tí yóò yí agbádá po lẹ́ẹ̀mẹta láti wo ọnà ọrùn rẹ̀ kí ó tó san owó, kò yí rìsíìtì kan ṣoṣo wò lẹ́yìn fún ọdún mẹ́ta. Àwọn àgbà ní ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni.

A dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò pa á. Ẹgbẹ́ yá a lówó nínú àpò àjùmọ̀ní, ó bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀, ó ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀, ṣọ́ọ̀bù sì ti ṣí. Oníṣirò owó mìíràn ni ó ń bá a ṣiṣẹ́ nísinsìnyí. Kò padà sí ṣíṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alaalẹ́ Sátidé, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde sínú ìwé, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń san owó orí láti inú báǹkì rẹ̀ sínú àpò ìjọba, láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

OHUN TÍ ÌTÀN YÌÍ KỌ́ WA

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa tí ẹ ní òwò kékeré, yálà ní Ìkẹjà, ní Agége, nílé, tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jẹ́ kí a mú ohun díẹ̀ nínú ìtàn yìí lò.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí orúkọ yín dúró lé, kí ẹ má ṣe gbé e fún ẹnikẹ́ni. Oníbúrẹ́dì, ìwọ̀n ìyẹ̀fun rẹ̀. Aránṣọ, gígé aṣọ rẹ̀. Oníṣòwò gbogbo, ìwé owó rẹ̀. Iṣẹ́ yòókù tí ẹlòmíràn mọ̀ jù yín lọ, ẹ gbé e fún un láìtijú.

Ẹ kọ́ ìmọ̀ ojú, bí ẹ kò tilẹ̀ ní ìmọ̀ ọwọ́. Ẹ jókòó ti oníṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ bi í léèrè bí a ti ń dá èyí tí ó dára mọ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: iye iṣẹ́, iye owó, ọjọ́ tí yóò parí, àti ẹni tí yóò san owó aṣọ bí aṣọ bá bàjẹ́. Ìwé pélébé kan tó. Kò dìgbà tí a bá pe lọ́yà.

Ẹ san owó agbàṣẹ́ṣe lásìkò. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ ní gbèsè oṣù méjì kò gbọ́dọ̀ yà á lẹ́nu bí wọ́n bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àkójọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gba iṣẹ́, ẹ rántí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nínú yín ni olóko ọ̀la yóò ti jáde, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún àwọn alágbàṣe Agége.

Ní ìparí, a ń rọ ẹgbẹ́ wa pé kí ó ṣe ìwé kan tí orúkọ àti iṣẹ́ gbogbo ọmọ ìlú wa yóò wà: oníṣirò owó, agbẹjọ́rò, rẹwáyà, oníṣẹ́ ọnà, atẹ̀wé. Kí a lè máa rí ara wa lò. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé ìlú kan náà ni a ti wá, kí a sì má tìtorí ìyẹn dijú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ìlú ẹni ni ẹni tí ó gba owó arákùnrin wa.

Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa, kí ó sì gbé ìlú wa ga. Àṣẹ.